Owó Tí Kò Ti Ọwọ́ Ìjọba Wá

Bí owó ẹyọ kan bá wà nílé yín, ẹ mú un dání. Òun ni àwọn baba ńlá wa fi ń ra iṣu l'Òṣogbo, òun náà ni wọ́n ń ná ní Iléṣà. Ọba wa kan kò ṣe é. Inú òkun Maldives ni ó ti wá, àwọn oníṣòwò òyìnbó ni wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kó o wá sí etíkun. Ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbẹ̀wá. Ẹgbẹ̀wá mẹ́wàá kún ọ̀kẹ́ kan. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń pe 20,000 ní ọ̀kẹ́ kan, àpò owó ẹyọ ni ẹ ń dárúkọ!

Nígbà tí ó di nǹkan bí 1850, àwọn oníṣòwò ará Jámánì àti Faransé bẹ̀rẹ̀ sí kó irú ẹyọ mìíràn, tí ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ, wá láti Zanzibar. Ẹyọ pọ̀ bí iyanrìn, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè dá wọn dúró.

Ní 1904, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Gúúsù Nàìjíríà fi òfin de kíkó owó ẹyọ wọlé. Ní 1907 ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo, owó ṣílè àti kọ́bọ̀ tí ihò wà láàárín rẹ̀ sì ń gbilẹ̀. Ẹ má rò pé nítorí pé ẹyọ wúwo nìkan ni o. Fàdákà inú ṣílè kan kò tó iye tí wọ́n ń ná an. Èrè ìyókù, ti ẹni tí ó rọ ọ́ ni. Ní 1912 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa ṣe owó fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kí èrè náà lè máa bọ́ sápò àwọn ìjọba tí ó wà níbí.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni ti ẹni tí ó ti kó ọ̀kẹ́ ọ̀kẹ́ pamọ́ sí àjà. Ìjọba kò rà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà tí wọ́n fòpin sí owó máńílà ní ìlà oòrùn Nàìjíríà ní 1948 sí 1949, wọ́n rà á lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ó lé ní 30,000,000. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ oníẹyọ?

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan kọ́. Ní 2009 owó mìíràn tí kò ti ọwọ́ ìjọba wá tún dé: bitcoin. Inú kọ̀ǹpútà ni àwọn tí ń lò ó ti ń pa ìṣirò rẹ̀ mọ́ láàárín ara wọn. Ẹyọ kò ní òpin, ṣùgbọ́n èyí kò ní ju 21,000,000 lọ. Ní oṣù September 2021, Ṣáínà fòfin de káràkátà rẹ̀. Nínú oṣù kan náà ni El Salvador sọ ọ́ di owó ìlú, kí wọ́n tó sọ ní 2025 pé kò pọn dandan fún ọlọ́jà láti gbà á. Níbí, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ ní February 5, 2021 pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tí ń ṣòwò rẹ̀ pa. Àwọn ọ̀dọ́ kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ń tà á fún ara wọn. Ní October, báńkì náà gbé tirẹ̀ jáde, ó pè é ní eNaira. Ní December 2023, ó dẹ àṣẹ náà. Òfin 2025 wá fi irú owó yìí sábẹ́ àjọ tí ń mójútó ọjà ìdókòwò.

Ẹ rántí àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn káàkiri. Bí onígbèsè kò bá san, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi san. Bí ẹni tí ẹ fi bitcoin yín sí ìkáwọ́ rẹ̀ bá kó o lọ, ẹnu ọ̀nà ta ni ẹ ó lóṣòó sí? Òfin 2025 ní kí ẹni tí yóò bá máa ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà. Ó kéré tán, a ó mọ ilé rẹ̀.