Ètò Ilé Kíkọ́ Ìjọba àti Ọ̀wọ́n Ilé Gbígbé ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ láti Ọdún 1958

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí a ti kọ nípa ètò ilé gbígbé ní Nàìjíríà, iye ilé tí ìjọba ṣèlérí àti iye tí ó parí ni ó máa ń jẹ òǹkọ̀wé lógún. A kà á pé nínú Ètò Ìdàgbàsókè Kẹta, láti 1975 sí 1980, ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kọ́ ilé 202,000, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yóò sì ní 8,000 nínú rẹ̀. A tún kà á pé èyí tí ó parí kò tó 30,000. Ìṣirò bẹ́ẹ̀ wúlò fún Èkó. Bí a bá gbé e dé Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, kò fi ohun púpọ̀ yé ni, nítorí pé ìwọ̀nba ni ọwọ́ ìjọba nínú ilé tí àwọn ènìyàn agbègbè náà ń gbé, síbẹ̀ wọn kò sun ìta.

Ohun tí ó yẹ ní wíwádìí ni pé ọ̀nà méjì ni ilé ń gbà dúró ní agbègbè yìí. Ọ̀nà ti ìjọba gba orí owó oṣù àti ìwé kọjá. Ọ̀nà ti ará ìlú gba orí ilẹ̀ ẹbí, ọ̀wẹ̀ àti èésú kọjá. Láti 1958 títí di ìsinsìnyí, kò sí ètò ìjọba kan tí ó mú ọ̀nà kejì yìí ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Òfin tilẹ̀ mú kí ó ṣòro sí i. Nígbà tí ìṣòro náà sì pàdé àwọn àlejò tí ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn kó wá sí Ọ̀wọ̀, yàrá di ọ̀wọ́n.

Bí a ti ń kọ́lé kí ìjọba tó dá sí i

Ẹ̀rí tí ó tóbi jù lọ nípa ìmọ̀ ilé kíkọ́ ní Ọ̀wọ̀ ni ààfin Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀. Ìtàn ka àwọn àgbàlá inú rẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba sì ti kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ilé mẹ̀kúnnù kò tóbi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kan náà ni: amọ̀ tí a fi ẹsẹ̀ gún, tí a mọ ní ìpele ìpele, tí a jẹ́ kí ìpele kan gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yìí wà fún, nígbà tí iṣẹ́ oko bá dínkù. Ẹni tí ó ń kọ́lé kò wá lébìrà. Ó bẹ ọ̀wẹ̀, ó pèsè iyán àti ẹmu, àwọn àna, ẹgbẹ́ àti ará ilé rẹ̀ sì wá. Ní ọdún mìíràn òun náà yóò lọ sí tiwọn. Ẹbí ni ó ni ilẹ̀, nítorí náà ọmọ ẹbí kì í rà á.

Nígbà tí kòkó mú owó wọlé, páànù rọ́pò ewé lórí òrùlé, a sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ara ògiri amọ̀. Bí ilé ṣe ń dàgbà kò yí padà. Yàrá méjì ni a ó kọ́kọ́ dé. Bí kòkó bá tà dáadáa, tàbí bí èésú bá kan onílé, a ó fi méjì kún un. Ilé kan lè gba ogún ọdún. Àwọn oníṣirò ìjọba a máa pe irú rẹ̀ ní ilé tí kò parí, bí ẹni pé àbùkù ni. Ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀ kò jẹ báńkì ní gbèsè, kò sì san owó ilé fún ẹnikẹ́ni ní gbogbo àkókò náà. Kò sí ètò ìjọba kankan láti 1958 tí ó lè ṣe irú èyí fún àgbẹ̀.

Láti Bódìjà dé Àkúrẹ́

Ní Ọ̀wọ̀ ni a ti ṣí ẹgbẹ́ Action Group, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ní gbangba ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1951. Ìjọba tí ẹgbẹ́ náà ṣe ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni ó dá Àjọ Ilé Kíkọ́ sílẹ̀ ní 1958, iṣẹ́ tí ó sì sọ àjọ náà di olókìkí ni ilé Bódìjà ní Ìbàdàn, tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Àwọn tí ó rí ibẹ̀ gbé ni òṣìṣẹ́ àgbà, agbẹjọ́rò, dókítà àti olùkọ́ yunifásítì. Kòkó ni òpómúléró ìṣúra ẹkùn náà, àwọn àgbẹ̀ Ọ̀wọ̀, Ìfọ̀n àti Ìdó-Àní sì wà lára àwọn tí ó ń gbìn ín. A lè sọ, láìṣe àsọdùn, pé àgbẹ̀ tí ó ń fi ọ̀wẹ̀ mọ ilé amọ̀ tirẹ̀ ń ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ó ń gba kọ́kọ́rọ́ ilé ní Bódìjà.

Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, àṣà yìí bá a wọlé. Àkúrẹ́ di olú-ìlú, àwọn akọ̀wé àti ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba kó lọ síbẹ̀, wọ́n sì nílò ilé. Ibẹ̀ ni àjọ ilé kíkọ́ ti ìpínlẹ̀ tuntun náà dojú kọ, tí a fi ní Ìjàpọ̀. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí pé ìlú tí ìjọba fúnra rẹ̀ sọ di ọ̀wọ́n ni ó kọ́kọ́ tọ́jú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ètò ilé ti túmọ̀ sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ olú-ìlú.

Ní 1979 Adékúnlé Ajásin, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, di gómìnà. Ẹni tí ó bá retí pé èyí yóò sọ Ọ̀wọ̀ di ìlú ilé ìjọba kò mọ Ajásin. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ètò mẹ́rin tí ẹgbẹ́ UPN fi polongo ìbò ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko àti iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ilé kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Látéèfù Jákàńdè kọ́ ilé púpọ̀ ní Èkó nítorí pé ìṣòro Èkó kò fún un ní ààyè mìíràn. Ajásin, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Ọ̀wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ìjọba àpapọ̀ ti Shehu Shagari ni ó gbé ilé lárugẹ nígbà náà. Ó ṣètò láti máa kọ́ ilé 40,000 lọ́dún, 2,000 ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ní Àbújá. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni owó, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ní àṣẹ lórí ilẹ̀. NPN ń ṣe ọ̀kan, UPN ń ṣe èkejì, kò sì yani lẹ́nu pé àárín wọn kò gún lórí ibi tí a ó kọ́ ilé sí. Àdúgbò kan ní Àkúrẹ́ ṣì ń jẹ́ orúkọ Shagari. Iye owó àwọn ilé wọ̀nyí ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Ilé oníyàrá kan jẹ́ ₦6,000, oníyàrá mẹ́ta ₦15,000. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ọdún 1981, owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦125. Òṣìṣẹ́ tí ó bá pa gbogbo owó oṣù rẹ̀ mọ́ láìjẹ láìmu yóò ra yàrá kan ṣoṣo ní ọdún mẹ́rin. Àgbẹ̀ Ìdógùn, tí kì í gba owó oṣù, kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò.

Àlejò wọ ìlú

Ohun tí ìjọba gbé wá sí Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ilé, bí kò ṣe àwọn tí yóò máa wá ilé. Ní 1979 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí a ń pè ní Rufus Giwa Polytechnic lónìí. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kó dókítà àti nọ́ọ̀sì wá. Ní 2007 Yunifásítì Achievers tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kò ní ilẹ̀ ẹbí ní Ọ̀wọ̀, wọn kò sì ní àna tí yóò wá bá wọn gún amọ̀. Ọ̀wẹ̀ kì í kọ́lé fún àlejò. Ẹni tí ó bá lówó ni ó ń kọ́ ọ fún wọn láti fi jèrè, ilé tí yàrá rẹ̀ kọjú síra tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá.

Níbí ni ọ̀wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tí a ń gbà san owó ilé sì mú kí ó korò. Oṣooṣù ni owó òṣìṣẹ́ ń wọlé. Owó ọdún kan, nígbà mìíràn méjì, ni onílé ń béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ yá owó kí ó tó sùn. Ọmọ onílẹ̀ pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé bí yàrá ti ń mówó wọlé ni ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì, tí àwọn ọ̀dọ́ inú ẹbí kan náà sì di ayálégbé.

Ọ̀sẹ̀ yàtọ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 218,886 ni a kà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, 144,901 ní Ọ̀sẹ̀, tí Ìfọ̀n jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó tó ti Ọ̀wọ̀ níbẹ̀, nítorí náà yàrá kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń rí ni ilé amọ̀ tí òjò ń wó, nítorí pé àwọn tí ìbá ṣe ọ̀wẹ̀ àtúnṣe ti lọ sí Èkó àti òkè-òkun, àti ilé bíríkì ńlá tí àwọn kan náà kọ́ sílé, tí ó wà ní títì títí di ìgbà ọdún Kérésìmesì. Bí a bá ka ilé lásán, Ọ̀sẹ̀ kò ní ìṣòro.

Ìwé àti sìmẹ́ǹtì

Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní oṣù kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, ó sì fi àkóso ilẹ̀ ìgbèríko fún ìjọba ìbílẹ̀. Ẹbí kò pàdánù ilẹ̀ rẹ̀ ní ojú ayé. A ṣì ń pín in, a ṣì ń tà á. Ohun tí ó sọnù ni agbára ilẹ̀ náà níwájú báńkì. Láìsí ìwé-ẹ̀rí tí àwọn ènìyàn ń pè ní sí-ọ́fù-ó, báńkì kì í gba ilẹ̀ ní ìdúró owó, owó àti ìrìn-àjò tí ìwé náà ń gbà sì ju ohun tí oníyàrá méjì lè ṣe.

Ní ti sìmẹ́ǹtì, a rántí ọdún 1975, nígbà tí sìmẹ́ǹtì tí ìjọba ológun rà láti òkèèrè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi fi tò sí etí òkun Èkó fún oṣù púpọ̀. Òkúta ẹfun tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì wà nínú ilẹ̀ Òkèlúsè, ní Ọ̀sẹ̀ gan-an, síbẹ̀ láti ibòmíràn ni àpò sìmẹ́ǹtì tí a ń lò níbẹ̀ ti ń wá. Bí a ti fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ilé amọ̀, tí a sọ sìmẹ́ǹtì di àmì ọ̀làjú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wẹ̀ ń kú: amọ̀ fẹ́ ẹsẹ̀ púpọ̀, sìmẹ́ǹtì owó ni ó fẹ́.

Ètò Ilé ti Orílẹ̀-èdè ti 1991 ṣèlérí ilé fún gbogbo ènìyàn kí ọdún 2000 tó dé. Òfin Owó Àpawọ́pọ̀ Ilé ti 1992 tẹ̀ lé e: ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ ni a ó máa yọ, tí ẹni tí ó ń dá a yóò sì lè yá owó kọ́lé ní èlé 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Olúṣẹ́gun Mímikò, tí ó di gómìnà Oǹdó ní 2009, ti jẹ́ mínísítà ilé gbígbé láti 2005 sí 2006, nítorí náà a kò lè sọ pé ìpínlẹ̀ náà kò ní ẹni tí ó mọ ètò yìí. Síbẹ̀ ìwé ilẹ̀ ṣì ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ tí a ń yọ owó rẹ̀ lóṣooṣù ní Ìfọ̀n, tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kò ní sí-ọ́fù-ó, kò lè yá a. Bí ó bá fẹ̀yìn tì, a ó dá owó tirẹ̀ padà fún un pẹ̀lú èlé 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.