Igi inú ìlú: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kí wọ́n tó gé ti àdúgbò yín

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gé igi furúùtù tó wà lẹ́nu géètì wa l'Ékòó. Àwọn tó wá la gọ́tà ló gé e, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni. Abẹ́ igi yẹn ni màmá alákàrà máa ń jókòó sí, abẹ́ ẹ̀ náà làwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń dúró de èrò. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí màmá fi kó lọ, yàrá mi tó kọjú sí títì sì di ààrò. Mo wá ń bi ara mi pé: ta ló yẹ kó máa ṣètò igi inú ìlú? Ohun tí mo rí nìyí.

Iṣẹ́ wo ni igi ń ṣe?

Kọnkéré àti ọ̀dà títì máa ń fa oòrùn mu lọ́sàn-án, wọ́n á wá tú ooru ẹ̀ jáde lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí àárín ìlú fi máa ń gbóná ju abúlé lọ. Igi ń ṣíji bo ilẹ̀, omi tó sì ń ti ara ewé ẹ̀ jáde ń mú kí afẹ́fẹ́ tutù. Tójò bá rọ̀, ewé á gba díẹ̀ dúró, gbòǹgbò á jẹ́ kílẹ̀ lè fa omi mu. Igi nìkan ò lè dá omíyalé dúró o. Àmọ́ ìlú tó gé gbogbo igi etí odò ẹ̀, tó tún fi kọnkéré bo ilẹ̀, ń pe àgbàrá wálé ni. Ará Ìbàdàn ò ní gbàgbé Ògùnpa ọdún 1980, àti ti oṣù kẹjọ ọdún 2011.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì

Látijọ́ làwọn baba wa ti ń gbin igi ọdán síwájú ààfin àti sójà nítorí ibòji. L'Óṣogbo, igbó Ọ̀ṣun tó hẹ́kítà 75 wà létí ìlú gan-an. Èèwọ̀ ni kéèyàn gégi, kó ṣọdẹ tàbí kó pẹja níbẹ̀. UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005. N'Íbàdàn, wọ́n gbin igi yí omi Ẹlẹ́yẹlé ká, èyí tí wọ́n sé lọ́dún 1942, kí ẹrẹ̀ má bàa dí i. L'Ékòó, Lekki Conservation Centre, hẹ́kítà 78, ti wà láti 1990.

Ìlànà 3-30-300

Lọ́dún 2021, Cecil Konijnendijk, onímọ̀ nípa igbó inú ìlú, gbé ìlànà yìí jáde. 3: kéèyàn lè rí igi ńlá mẹ́ta látinú ilé ẹ̀. 30: kí ewé igi bo ìdá 30 nínú 100 àdúgbò. 300: kí ọgbà ìgbafẹ́ má jìn ju mítà 300 lọ sílé. Mo yọjú lójú fèrèsé mi, mo kà á: ọ̀pẹ kan ṣoṣo ni.

Irú igi wo, níbo?

Ẹ má gbin igi ńlá sábẹ́ wáyà iná, torí ọdọọdún ni wọ́n á máa gé e. Mángòrò àti furúùtù níbòji dáadáa, àmọ́ wọ́n ń fẹ́ àyè, ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí fẹ́ǹsì àti sọ́kàwéè. Dóńgóyárò máa ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀. Igi masquerade ò gba àyè, ibòji ẹ̀ náà ò sì tó nǹkan. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá gbìn, ẹ máa bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́. Ẹ má sì gé orí igi kodoro: ojú ọgbẹ́ á jẹrà, ẹ̀ka tuntun tó bá yọ ò ní lágbára, atẹ́gùn á sì tètè dá a.

Tí wọ́n bá fẹ́ gé e ńkọ́?

L'Ékòó, òfin ọdún 2011 ló dá LASPARK sílẹ̀, ọwọ́ wọn ló sì yẹ kéèyàn ti gbàṣẹ kó tó gégi. Ẹ bi ẹni tó gbé ayùn wá pé: ìwé àṣẹ dà? Mi ò béèrè lọ́jọ́ yẹn, torí mi ò mọ̀.

Láti 2008 ni wọ́n ti ń gbingi l'Ékòó lọ́jọ́ 14 oṣù keje ọdọọdún. Ó dáa, ṣùgbọ́n ọ̀gbìn òní máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó níbòji. Igi gańgan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ lọ ka igi àdúgbò yín lónìí, kẹ́ ẹ lè mọ̀ tí ọ̀kan bá dín.