Ìdínkù Tí Ó Di Àlékún

Nínú ẹ̀kọ́ áljẹ́brà, ibì kan wà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń kọsẹ̀ sí, èyí nì ni ibi tí olùkọ́ gbé wí pé ìdínkù lọ́nà ìdínkù di àlékún. Wọn a há òfin náà sórí, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kì í gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni òfin náà kò jìnnà sí wa rárá.

Ní nǹkan bí ọdún 820, ọ̀mọ̀wé kan tí à ń pè ní al-Khwarizmi kọ ìwé kan ní ìlú Bagdad. Láti inú àkọlé ìwé náà, al-jabr, ni orúkọ áljẹ́brà ti wá. Kò lo àmì bí irú èyí tí à ń lò lónìí. Ọ̀rọ̀ ni ó fi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó ń kọ́ni ní ìsọdipúpọ̀, ó mú mẹ́wàá dín ọ̀kan lọ́nà mẹ́wàá dín ọ̀kan. Ó rí 100. Ó yọ 10, ó tún yọ 10, ó sì fi 1 kún un: 81 ni ó jẹ́. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 628, Brahmagupta ará Íńdíà ti kọ òfin náà sílẹ̀.

Mẹ́wàá dín ọ̀kan! Ǹjẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn baba wa ń kà á? Ogún dín ọ̀kan ni ọ̀kàndínlógún. Ogún dín méjì ni eéjìdínlógún. Ní ọdún 1887, àlùfáà Adolphus Mann, tí ó ti ṣiṣẹ́ míṣọ́n ní Ìjàyè, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde lórí òǹkà wa yìí, ó sì so ó pọ̀ mọ́ bí a ti ń ka owó ẹyọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú òǹkà náà lọ sí oko ní Igbó-Ọrà tàbí ní Èrúwà. Àgbẹ̀ kan kọ ebè iṣu ní ìlà 19, ebè 18 sì wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bí ẹni pé ìlà 20 ni, tí ebè 20 wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan: irínwó ebè ni. Ẹ yọ ìlà kan kúrò, èyí jẹ́ 20. Ẹ yọ ebè méjì ní ìparí gbogbo ìlà 20 náà, èyí jẹ́ 40. Ṣùgbọ́n ẹ dúró! Ebè méjì tí ó wà ní igun oko, a ti yọ wọ́n nígbà tí a yọ ìlà, a sì tún yọ wọ́n nígbà tí a yọ ìparí. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó yẹ kí a yọ wọ́n. Nítorí náà, a níláti dá 2 padà. 400 dín 20, dín 40, pẹ̀lú 2, jẹ́ 342.

Bí a bá fi x rọ́pò 20, (x − 1)(x − 2) ni a ṣe yìí, ìdáhùn rẹ̀ sì ni x² − 3x + 2. Àlékún 2 yẹn kì í ṣe idán. Ebè igun oko ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí òǹkà Yorùbá parẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ. Ọmọ tí ó bá mọ ìdí tí a fi ń pe 19 ní ọ̀kàndínlógún ti bẹ̀rẹ̀ áljẹ́brà kí ó tó ṣí ìwé rẹ̀.