Orílẹ̀ Kì í Ṣe Ìsọ̀rí

Ní ọdún 1936, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ní Kẹ́ńyà ṣòfin owó orí tuntun fún àwọn tí òfin kò kà mọ́ "native". Owó tí wọ́n bù fún ará Íńdíà ju ti Árábù àti Sòmálì lọ. Ni àwọn Sòmálì ọmọ Isaaq bá fárígá. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ owó kékeré o, iye tí ará Íńdíà ń san ni kí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn. Ẹ ò rí nǹkan? Ta ní ń bẹ agbowó orí pé kó fowó kún un? Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè. Láti 1919 ni òfin kan ti fàyè sílẹ̀ láti yọ Sòmálì kúrò lára "native", àwọn ọmọ Isaaq sì ń fura pé ẹni tí wọ́n bá já kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ará Íńdíà lónìí, "native" ni wọ́n máa pè é lọ́la. Wọ́n ní ilẹ̀ Árábù ni Sheikh Ishaaq, baba ńlá àwọn, ti wá. Ìtàn ìran ni wọ́n fi ń ro ẹjọ́ owó orí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn yìí ní Yorùbá fún ọmọ iléèwé kan ní Pápá Àjàó ní Mushin. Isaaq gan-an la ó ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Ṣé ẹ̀yà ni? Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀: Bíbélì Yorùbá fi í pe ìdílé àwọn ọmọ Jákọ́bù, rédíò ń fi í pe Haúsá, Ìgbò àti Tiv, a sì ti yọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà jáde lára rẹ̀. N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n Sòmálì ni Isaaq, Daarood, Hawiye àti Dir, Mùsùlùmí sì ni gbogbo wọn. Bí a bá pè wọ́n ní ẹ̀yà, ọmọ yẹn yóò rò pé bí Yorùbá ṣe rí sí Ìgbò ni ọ̀kan ṣe rí sí èkejì.

Èmi fara mọ́ orílẹ̀. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè o. Orílẹ̀ tí Adébóyè Babalọlá kó oríkì rẹ̀ jọ sínú ìwé Àwọn Oríkì Orílẹ̀ ní 1967 ni mò ń wí. Ọmọ Oníkòyí wà ní Ìkòyí, ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó wà ní Mushin. Ibikíbi tí wọ́n bá ti kì í, orí rẹ̀ á wú. Ọmọ Sòmálì náà máa ń ka orúkọ baba, baba baba, títí dé orí ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Abtirsi ni wọ́n ń pè é. Síbẹ̀, méjèèjì kò dọ́gba tán. Lọ́dọ̀ wa láyé àtijọ́, ìlú ló ń jagun, ìlú ló ń jọba. Ọmọ orílẹ̀ kan náà lè wà ní ìlú méjì tó ń bára wọn jà. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí ẹnì kan bá pààyàn, àwọn ìbátan rẹ̀ ló ń dá ràkúnmí jọ láti san owó ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan á ní ká pe irú ìbátan bẹ́ẹ̀ ní agboolé. Rárá. Darandaran tó ń tẹ̀lé omi àti koríko kiri, agboolé wo ló ní? Ẹbí asanwó-ẹ̀jẹ̀ ni mo máa pè é. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ kò parọ́.

"Native" ló le jù. Àwọn akọ̀wé àtijọ́ sọ ọ́ di ìbílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kóòtù ìbílẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ṣe wọlé, tí a fi ń pe ọ́fíìsì tó ń gbowó ọjà lọ́wọ́ wa ní Mushin ní ìjọba ìbílẹ̀ títí dòní. Ọ̀rọ̀ iyì ni ìbílẹ̀. Télọ̀ Pápá Àjàó pàápàá á bi ọ́ pé ṣé native lo fẹ́ rán àbí súùtù, kò sì sí èébú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "native" inú ìwé òfin amúnisìn kì í ṣe ẹni tí a bí sórí ilẹ̀ kan. Ipò ni. Ẹni tí wọ́n bí ní Èkó, ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì gbà ní 1861, ọmọ abẹ́ adé Gẹ̀ẹ́sì ni lójú òfin. Ẹni tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kàn ń dáàbò bò ni. Òfin Nàìjíríà ìgbà náà tún ní àwọn kan tó pè ní "native foreigner", ìyẹn ọmọ Áfíríkà tó ti ilẹ̀ mìíràn wá. Ẹ tú u kí ẹ rí i: ọmọ ìbílẹ̀ àlejò! Ẹ̀bi Yorùbá kọ́ ni bí kò bá dùn létí. Ìmọ̀ràn mi ni pé ká kọ ọ́ ní nétíìfù níbi tí òfin amúnisìn bá ti ni ín, kí ìbílẹ̀ má baà pín nínú ẹ̀gàn òfin náà.

Ìsọ̀rí ló kù. Olùkọ́ gírámà ló ni ín: ó ń pín ọ̀rọ̀ sí ìsọ̀rí, ọ̀rọ̀ kan náà sì lè wà nínú ìsọ̀rí méjì. Ohun tí ìjọba Kẹ́ńyà ṣe nìyẹn, torí náà ìsọ̀rí àwọ̀ ni ká pe "race" tí wọ́n fi pín èèyàn. Ìran kò bá a mu, nítorí ìran ní baba tó ṣẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìsọ̀rí ní akọ̀wé.

Àwa náà ṣì wà nínú ìsọ̀rí tiwa. Ilẹ̀ wa pàápàá, ìjọba ló ń pín in: títí di ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló ni Mushin, nígbà tí Sùúrùlérè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Lónìí, ẹni tí wọ́n bí ní Pápá Àjàó, tí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ Ìgbò ń ta sípíà pátì ní ọjà Ládípọ̀, tó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ wa lọ, wọ́n á ní kó kọ Anámbra tàbí Ímò sínú fọ́ọ̀mù. Abala 318 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ló ní òbí tàbí òbí àgbà ẹni gbọ́dọ̀ jẹ́ ara àwùjọ tó jẹ́ ti ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kan kó tó di ọmọ ibẹ̀. Ìkànìyàn 1991 àti ti 2006 kò béèrè ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ àti ti iléèwé ló ń béèrè ìpínlẹ̀ baba ẹni. Ẹ̀yin tó ń kọ̀wé ìtàn fún àwọn ọmọ wa, ẹ jọ̀ọ́, níbi tí akọ̀wé ìjọba bá ti pín èèyàn, ìsọ̀rí ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ ẹ̀yà.