Èèpo Ìwé Ìròyìn àti Àríwísí Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́: Láti Ìgbà Onabolu dé Zaria àti Òṣogbo

Lọ́dọọdún, bí ó bá kù díẹ̀ kí ìwé ẹgbẹ́ wa yìí jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa mú àwòrán wá fún èèpo rẹ̀, àwa olùkọ́ a sì máa wí tiwa lé e lórí. Mo ti ṣàkíyèsí pé ohun tí ó ń dá awuyewuye sílẹ̀ níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ àwòrán náà gan-an. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé: ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì dára, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ náà sì lè fi fèsì? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì yẹ kí a mọ bí àwọn tí ó ṣáájú wa ti dáhùn rẹ̀.

Àìná Onabolu, tí a bí ní 1882, ni ó jà fitafita kí ẹ̀kọ́ àwòrán yíyà tó lè wọ ilé-ìwé wa. Ní ayé ìgbà náà, àwọn òyìnbó kan gbà pé ènìyàn dúdú kò lè ya àwòrán bí tiwọn. Onabolu kò bá wọn jiyàn púpọ̀. Ní 1906 ó ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, ẹni tí ó bá sì ní ojú, kí ó wò ó. Ní 1920 ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ náà sí i. Lójú tirẹ̀, òfin ni olùkọ́ fi ń yẹ iṣẹ́ ọmọ wò: bí ohun tí ó jìnnà ti ń kéré sí ohun tí ó wà nítòsí, bí òjìji ti ń ṣubú, bí ẹ̀yà ara ti tò. Òun náà ni ó rọ ìjọba títí Kenneth Murray fi dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà Murray. Ó fẹ́ kí ọmọ wo ère, ijó àti ọjà ìlú rẹ̀, kí ó má fi òfin òyìnbó di ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ní 1937, a pàtẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Zwemmer Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Ben Enwonwu wà lára wọn.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: aláwọ̀ dúdú ń fẹ́ òfin òyìnbó, òyìnbó ń fẹ́ ìṣe aláwọ̀ dúdú. N kò rò pé ó tọ́ kí a fi Onabolu ṣe ẹlẹ́yà nítorí èyí. Ẹni tí a ní kò lè ṣe nǹkan ní láti ṣe nǹkan náà gan-an kí ẹnu tó pa mọ́. Èyí tí ó ń kọ mí lóminú ni pé nínú gbogbo àríyànjiyàn wọn, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ kò ní ohùn.

Èèpo ìwé ìròyìn ní adájọ́ mìíràn tí kì í ṣe olùkọ́. Àwòrán tí a fi kọ́ ara ògiri lè dúró de ẹni tí yóò wò ó. Èèpo ìwé kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ hàn láti òkèèrè lórí tábìlì òǹtàwé, kí ó fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ìwé, kí àwọ̀ rẹ̀ má sì ju ohun tí owó ìtẹ̀wé ká lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1957, Ulli Beier àti Janheinz Jahn, ọmọ ilẹ̀ Jámánì méjì, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Black Orpheus ní Ìbàdàn. Susanne Wenger, ará Austria tí ó ti dé ilẹ̀ wa ní 1950, ni ó ṣe ọ̀pọ̀ nínú èèpo àwọn ẹ̀dà ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà tẹ irú èèpo bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. A ó na aṣọ sílíkì mọ́ férémù igi. Ibi tí a bá dí, tàdáwà kò ní kọjá. Ibi tí a kò bá dí, yóò kọjá sórí ìwé. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní férémù tirẹ̀.

Wenger náà ti fi ẹ̀kọ ya àwòrán sára aṣọ bí àwọn aládìrẹ wa ti ń ṣe. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ibi tí ẹ̀kọ láfún bá bò, aró kì í wọ ibẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni: ibi tí a fi pamọ́ ni ó ń pinnu ohun tí ojú yóò rí. Ìyá aládìrẹ ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rí, mọ ohun tí èèpo ìwé ń fẹ́ ju púpọ̀ nínú àwa tí a kàwé lọ. Ó mọ̀ pé aró kan ṣoṣo tó, bí a bá mọ ibi tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ ní funfun. Ó tún mọ ìgbà tí àríwísí wúlò. Ẹ̀kọ ṣeé ha kúrò kí aṣọ tó wọ inú ìkòkò aró. Lẹ́yìn èyí, ẹnu lásán ni.

Láàrin ọdún wọ̀nyí kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Nigerian College of Arts, Science and Technology ní Zaria wá ohùn fún ara wọn. Òyìnbó ni ọ̀pọ̀ nínú olùkọ́ wọn, ìwé ẹ̀kọ́ sì jẹ́ ti òkè òkun. Ní 1958 wọ́n dá Zaria Art Society sílẹ̀: Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, Simon Okeke, Yusuf Grillo ọmọ Èkó, àti àwọn mìíràn. Wọn kò kọ iṣẹ́ kíláàsì sílẹ̀. Wọ́n ṣe èyí tí olùkọ́ fẹ́, wọ́n sì ń pàdé lọ́tọ̀ láti yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ojú ẹlòmíràn ni wọ́n wá, ṣùgbọ́n wọ́n wá a láàrin ẹgbẹ́. Nígbà tí Uche Okeke kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1960 pé kí ayàwòrán mú èyí tí ó dára nínú ìṣe baba rẹ̀ àti nínú ti àjèjì, kí ó pò wọ́n pọ̀ láìfi agbára ṣe é, mo ka ọ̀rọ̀ náà sí èsì akẹ́kọ̀ọ́ sí àríwísí olùkọ́. Kò pẹ́ tí ìwé fi gba iṣẹ́ wọn. Mbari ní Ìbàdàn tẹ àwòrán Okeke jáde ní 1961. Àwòrán Nwoko bá ewì Christopher Okigbo jáde nínú Heavensgate ní 1962. Onobrakpeya ni ó sì ya àwòrán inú ìwé tí Wọlé Ṣóyínká fi túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968.

Ti Òṣogbo gba ọ̀nà mìíràn. Mbari Mbayo bẹ̀rẹ̀ nílé Dúró Ládipọ̀ ní 1962. Denis Williams, ọmọ Guyana, kọ́ni níbẹ̀. Georgina Beier tẹ̀ lé e ní 1964. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó wá, bíi Múráínà Oyèlámì àti Twins Seven-Seven, òṣèré tàbí oníjó ni wọ́n. Georgina kò fi bí a ti ń ṣe é hàn wọ́n. Ó ń wò wọ́n, bí ọwọ́ ẹnìkan bá sì mú ohun tirẹ̀ jáde, a ní kí ó di èyí mú. Àwọn kan ń sọ pé kò sí àríwísí níbẹ̀ rárá. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń yàn, ó ń dájọ́, ẹni tí a kò bá sì sọ ìdí ìdájọ́ fún kò ní ohun tí yóò fi fèsì.

Nítorí èyí ni mo ṣe fi ti Zaria ṣáájú. Ẹni tí ó bá bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lónìí níbẹ̀, tirẹ̀ ni yóò wà lórí tábìlì lọ́la, èyí a sì máa mú ahọ́n rọ̀ láìsọ ojú di aláìríran. Àwa olùkọ́ kò ní irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀. A lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé orúkọ ìwé kò hàn, pé àwọ̀ méjì yìí ń pa ara wọn, pé ojú kò mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò. Gbogbo èyí ni ó lè dáhùn tàbí kí ó tún ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá gba lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà ti kúrò ní tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó kù sí i.

Demas Nwoko wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1978, ogún ọdún lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Zaria bẹ̀rẹ̀, ó dá ìwé ìròyìn iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú náà, ó sì pè é ní New Culture.