Orúkọ Tí A Bò, Oríkì Tí A Tú Síta: Àwọn Oníròyìn Kútọnu àti Ọ̀rọ̀ Ìfipábánilòpọ̀

Iyàn tí a fẹ́ bá ìwé Helen Benedict jà ni ó fa àròkọ yìí. Láti ìgbà tí Virgin or Vamp ti jáde ní 1992 ni ó ti di òpó tí olúkúlùkù ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí oníròyìn àti ìfipábánilòpọ̀ ń fẹ̀yìn tì, a kò sì lè sọ pé òpó náà kò dúró: ní Amẹ́ríkà tí ó ti ṣe ìwádìí rẹ̀, ojú méjì náà ni ìwé ìròyìn fi ń wo obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, bí kò bá jẹ́ ẹni mímọ́ tí ẹhànnà já lù, a jẹ́ oníṣekúṣe tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ohun tí ó bá a. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbé òṣùwọ̀n yìí wọ Kútọnu ní odindi, tí wọ́n ń ka iye ìgbà tí ìròyìn mẹ́nu kan aṣọ péńpé tàbí ìrìn òru, igbó tí kò sí ẹran ni wọ́n ń dọdẹ nínú rẹ̀. Ohun tí òǹkàwé ní Akpakpa tàbí ní Gbégamey kọ́kọ́ ń bèèrè kì í ṣe irú obìnrin tí ó jẹ́. Ọmọ ta ni, ni ó ń bèèrè. Bí ìròyìn bá ti dáhùn èyí, ó ti ṣe ibi tí àpèjúwe aṣọ kò lè ṣe láéláé.

Ìyàtọ̀ tí a fẹ́ dì mú ṣinṣin ni èyí tí ó wà láàrin orúkọ àti oríkì. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, àwọn àgbà ni ó wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán, kì í ṣe orúkọ náà ni ayé fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Àbẹ̀kẹ́ lè tó mẹ́fà nínú agboolé kan ṣoṣo, Marie sì lè kún kíláàsì kan dẹ́nu. Ohun tí ó ń ya Àbẹ̀kẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ni orílẹ̀ rẹ̀, ojúlé rẹ̀, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe, ọjà tí ìyá rẹ̀ ń tà, ilé-ìwé tí ó ń lọ, ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ìdílé rẹ̀ rí. Akéwì tí ó bá kí ènìyàn ní ọmọ Ọ̀pómúléró, tí ó tún fi ìlú àti ìṣe bàbá rẹ̀ kún un, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ẹni tí ó ń kí ti wú orí, àwọn tí ó dúró yí i ká sì ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí. Àwọn Gùn àti àwọn Fọ̀n tí a jọ ń gbé ìlú yìí náà ní oríkì ìran tiwọn, wọn kò sì nílò kí a kọ́ wọn ní ohun tí a ń wí. Nítorí náà, òfin iṣẹ́ ìròyìn tí ó pàṣẹ pé kí a má dárúkọ ẹni tí ìyà jẹ, òfin tí ó dára ni, ṣùgbọ́n òfin àwọn ìlú tí ẹnìkan kò ti mọ ẹnìkejì bí kò ṣe nípa orúkọ inú ìwé ni. Ní ọ̀dọ̀ wa, ó bo orúkọ, ó sì fi oríkì sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìròyìn kan, kì í ṣe ti ìwé ìròyìn kan pàtó, ṣùgbọ́n irú èyí tí ẹni tí ó ń ka ìwé ìròyìn ìlú yìí yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ọmọdébìnrin ọlọ́dún 14 kan ní Akpakpa, tí ó wà ní kíláàsì quatrième ní CEG, ilé-ìwé girama, kan tí wọ́n dárúkọ, tí ìyá rẹ̀ ń ta àkàsà ní oríta kan tí wọ́n dárúkọ, tí ọkọ ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ jórinjórin sì ti ń bá a lò pọ̀ láti oṣù mélòó kan. A kò rí orúkọ ọmọ náà níbẹ̀, olóòtú sì lè fọwọ́ sọ àyà pé òun ti pa òfin mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìròyìn náà ti ń sẹ́ ọmọ náà bí ẹni ń sẹ́ gààrí. Àwọn ọlọ́dún 14 tí ó wà ní Akpakpa kò lóǹkà. A dárúkọ ilé-ìwé, wọ́n dín kù. A dárúkọ kíláàsì, wọ́n di ìwọ̀nba. A mú ìyá alákàsà wá, wọ́n di méjì tàbí mẹ́ta. A fi jórinjórin tí kì í ṣe bàbá tí ó bí i kún un, ó ku ọmọ kan ṣoṣo lójú asẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ̀, olùkọ́ ti mọ̀, ọlọ́kadà zémidjan tí ó ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà ti mọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ohun márààrún wọ̀nyí tí ó jẹ́ irọ́, kò sì sí ọ̀kan tí òfin kà léèwọ̀ bí ó bá dá dúró; àkópọ̀ wọn ni ó ń sọ ọmọ lórúkọ.

Níhìn-ín ni a ti gbọ́dọ̀ takora pẹ̀lú àwọn tí inú wọn mọ́ jùlọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń jà fún obìnrin, tí wọ́n ń pariwo pé kí ìwé ìròyìn dárúkọ ọ̀daràn kí ojú lè tì í. Ìbínú wọn tọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀daràn bá jẹ́ bàbá, tàbí ọkọ ìyá, tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá tí ọmọ ń gbé ní ilé rẹ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an ni ó jẹ́ oríkì ọmọ náà tí ó gùn jùlọ: a kò lè gbé e sí ojú ewé kí a má gbé ọmọ náà sí i. Kí wọ́n bínú sí wa bí ó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n a dúró lórí rẹ̀ pé nínú ẹjọ́ inú ilé, a gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn pa mọ́ pẹ̀lú, kì í ṣe nítorí àánú rẹ̀, nítorí ẹni tí ó jìyà ni. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, bẹ́ẹ̀ ni a ń wí ní ilẹ̀ yìí, àwọn ọmọdé sì ń gbọ́ ọ.

Ohun kan wà tí àwọn tí wọ́n ti kọ̀wé ṣáájú kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàkíyèsí. Bí ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn bá jẹ́ mẹ̀kúnnù, ìròyìn sábà máa ń fún un ní orúkọ àti oríkì pọ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ níwájú tábìlì ọlọ́pàá, ẹjọ́ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́lá, orúkọ yóò lọ, oríkì náà yóò sì bá a lọ, ohun tí yóò kù kò ní ju "ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ kan" lọ. Ó jọ pé àwọn olóòtú wa mọ ọ̀nà tí a fi ń bo ènìyàn mọ́lẹ̀ torúkọ-toríkì dáadáa. Wọ́n kàn ń fi ìmọ̀ náà ṣe ọlọ́lá lóore ni.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà pé ó yẹ kí a fi orúkọ ẹni tí ìyà jẹ pa mọ́. Geneva Overholser, olóòtú ìwé ìròyìn Des Moines Register ní Amẹ́ríkà, ti sọ ní ìgbà tirẹ̀ pé fífi orúkọ pa mọ́ gan-an ni ó ń bọ́ ìtìjú náà lóúnjẹ. Ìròyìn tí Jane Schorer kọ ní 1990 nípa Nancy Ziegenmeyer, obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tí ó fúnra rẹ̀ gbà kí wọ́n dárúkọ òun, sì gba ẹ̀bùn Pulitzer fún ìwé ìròyìn náà ní 1991. Àwọn kan lè rò pé ọ̀ràn Angela Kpeidja ti fi ìdí àbá yìí múlẹ̀ ní Kútọnu. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2020, obìnrin yìí, tí ó jẹ́ oníròyìn ní ORTB, iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba, kọ ọ́ sí ojú Facebook rẹ̀ pé ìfòòró ìbálòpọ̀ ń jà ràn-ìn nínú yàrá ìròyìn. Orílẹ̀-èdè mì, Ààrẹ Patrice Talon sì gbà á lálejò. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ní Gambia, Toufah Jallow náà ti fi ojú àti orúkọ ara rẹ̀ síta láti fi ẹ̀sùn kan Yahya Jammeh, tí ó ti jẹ ààrẹ rí, pé ó fipá bá òun lò pọ̀. Ṣùgbọ́n irú obìnrin wo ni àwọn wọ̀nyí? Kpeidja jẹ́ ẹni tí a ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀, orúkọ náà sì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Jallow jẹ́ ẹni tí ó ti gba adé ẹwà níwájú gbogbo ìlú. Àwọn méjèèjì fi ọwọ́ ara wọn ṣí ìbòrí, ní ọjọ́ tí wọ́n yàn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn. Ọmọ alákàsà kò yan ọjọ́, kò yan ọ̀rọ̀. Èyí tí ó tún yẹ kí ó dun oníròyìn ni pé òfin tí ó ka ìfòòró ìbálòpọ̀ léèwọ̀ ti wà ní Benin láti 2006, ó ti lé ní ọdún mẹ́tàlá nígbà náà, síbẹ̀ ojú Facebook ni ẹni tí ó ń gbé inú iṣẹ́ ìròyìn ní láti gbà kí ìròyìn ilé ara rẹ̀ tó di ìròyìn.

A lè bi wá pé, ṣé ẹ̀rù kò ba àwọn ẹlẹgbẹ́ Kpeidja ni? Ìbéèrè yìí fẹ́ẹ̀ mú wa kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí Kpeidja kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Ignace Sossou, oníròyìn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wà ní ẹ̀wọ̀n. Ilé-ẹjọ́ ti dá ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún un ní oṣù Kejìlá 2019, nítorí pé ó gbé ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò ìjọba sọ ní ìpàdé kan sí orí Twitter, abala ìfòòró nínú òfin ìbánisọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì fi mú un. Oṣù Kẹfà 2020 ni ó jáde. Òfin tí ó yẹ kí ó gba ẹni tí wọ́n ń fòòró sílẹ̀ ni ó gbé oníròyìn mì. Ẹni tí ó bá ń bú àwọn oníròyìn Kútọnu ní ojo, kí ó ka èyí mọ́ ọn.

Ní ti òfin tí ó kù, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ti 2012 lórí ìwà ipá sí obìnrin wà, ti 2015 lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé wà, ti oṣù Kejìlá 2021 tí a óò padà sí sì wà. Àjọ HAAC ń ṣọ́ iṣẹ́ ìròyìn, ODEM, ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn fúnra wọn, náà sì ti gbé ìlànà ìwà kalẹ̀ láti 1999. Kì í ṣe òfin ni ó ṣọ̀wọ́n.

Ohun tí a ka sí pàtàkì jù ni ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà dé etí. Àwọn tí ó ń ka ìwé ìròyìn lédè Faransé kò pọ̀ tó àwọn tí ó ń gbọ́ ọ láàárọ̀ lórí asọ̀rọ̀mágbèsì, nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ń tú u sí èdè Fọ̀n tàbí èdè mìíràn pẹ̀lú àwàdà, òwe àti ìpèdè. Ẹyin lohùn. Ohun tí ó wà nínú ìwé bí àlàyé gbígbẹ máa ń di ìtàn ní ẹnu rẹ̀, ìtàn kò sì lè dùn láìsí ilé àti ọ̀nà. Bí olóòtú bá fi oríkì mẹ́ta sílẹ̀, a fẹ́ gbà pé rédíò yóò fi ẹ̀kẹrin kún un. Ó tilẹ̀ jọ pé níhìn-ín, kì í ṣe nínú ìwé, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ti ń pinnu láti yọ ẹjọ́ wọn padà.

Òfin 2021 sì ti fi ẹrù tuntun kún ẹrù yìí, nítorí pé ó gbé ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ̀ sí ènìyàn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin lọ síwájú CRIET, ilé-ẹjọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹjọ́ tí ó yẹ kí ó parí ní àgbègbè tí ó ti ṣẹlẹ̀ wá di ohun tí àwọn oníròyìn láti Kútọnu ń jókòó gbọ́, kí òǹkàwé sì lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, wọ́n ń kọ orúkọ abúlé. Ní Kútọnu, orúkọ àdúgbò ṣì lè bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Ní abúlé kan lẹ́yìn Kétu, níbi tí ojúlé kò ti pọ̀, orúkọ abúlé àti ọjọ́ orí ọmọ ti tó. Nítorí náà, àbá wa kò ju méjì lọ: kí HAAC kà á léèwọ̀ láti fi ju méjì lọ pa pọ̀ nínú ọjọ́ orí, ilé-ìwé, iṣẹ́ òbí, ojúlé àti ìbátan, kí ìròyìn CRIET sì dárúkọ ẹkùn, Plateau tàbí Zou tàbí Alibori, kí ó má dárúkọ abúlé. Àwọn olóòtú yóò wí pé ìròyìn tí kò ní ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ìròyìn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kọ irú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, nígbàkigbà tí ọlọ́lá bá wà nínú rẹ̀.