Láti Osùn dé Ìpara Abóra: Ìtàn Ohun Tí A Fi Ń Tọ́jú Ara

Ẹni tó bá ti ka ìtàn Yorùbá díẹ̀ á mọ̀ pé ọjà Àpòmù kì í ṣe ọjà kékeré. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ná ọjà ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé ọ̀rọ̀ ataare lásán ló dá ìjà sílẹ̀ nínú ọjà yìí láàárín ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú, tí ìjà náà sì di ogun tó fọ́ ìlú Òwu. Ohun kékeré tí a fojú di ló máa ń di ńlá. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí náà kéré lójú: ìpara inú ike tí a ń rà lọ́jà.

Kí ike ìpara tó dé, kí ni àwọn ìyá ńlá wa fi ń tọ́jú ara? Inú igbó ni Àpòmù wà, ọ̀pẹ sì pọ̀ níbẹ̀. Lára ekùrọ́ ni wọ́n ti ń yọ àdín. Igi osùn náà, ara igbó ni. Wọ́n á lọ inú igi pupa náà kúnná, wọ́n á fi pa ìkókó àti ìyàwó tuntun lára. Ní ti òrí, ilẹ̀ ọ̀dàn ni igi rẹ̀ ti ń hù, lápá Ṣakí lọ́hùn-ún. Ọjà ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ ará igbó. Eérú àti àdín ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Nígbà tí kòkó dé ilẹ̀ wa, èèpo kòkó náà di eérú ọṣẹ.

Iṣẹ́ tí gbogbo wọn ń ṣe kò ju kí ìdọ̀tí kúrò, kí ara má gbẹ, kí ó sì máa dán. Osùn a máa kun ara ní pupa, ṣùgbọ́n bí a bá wẹ̀, ó ti ṣí. Èdè wa jẹ́rìí sí i. Adúmáadán ni à ń ki ẹni dúdú tí ara rẹ̀ ń dán, apọ́nbéporẹ́ sì ni à ń ki ẹni tó pupa bí epo. A yin méjèèjì, a kò ní kí ọ̀kan di èkejì.

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ ti yí padà? Ní 1939, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ awọ tí ọwọ́ wọn ń pàdánù àwọ̀. Kẹ́míkà kan tó wà nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà wọn ló fà á, ẹbí hydroquinone sì ni kẹ́míkà náà. Ohun tó jẹ́ àìsàn lára òṣìṣẹ́ ni àwọn oníṣòwò sọ di ẹwà. Ní 1975, àwọn dókítà ní South Africa ròyìn pé ojú àwọn obìnrin tó ń lo ìpara hydroquinone ń dúdú bí èédú, ó sì ń rí pátipàti. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Fela gbé orin Yellow Fever jáde láti bá àwọn tó ń bóra nílé wa wí. A jó sí orin náà, a kò gba ìbáwí. Ní 2023, NAFDAC kéde pé ọ̀rọ̀ bíbóra ti di pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè yìí.

Nítorí náà, àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé a fi pupa rọ́pò dídán. Àwọ̀ dúdú inú ara wa ni ó ń gba oòrùn mọ́ wa lára. Ẹni tó bá bó o ti ká òrùlé ilé ara rẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni ìpara àpòpọ̀ tí kò ní orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mẹ́kúrì a máa ba kíndìnrín jẹ́. Ìpara sítẹ́rọ́ìdì tí dókítà kò kọ fún ni a máa sọ awọ ara di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ọgbẹ́ kò fi ní tètè jinná, kódà ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ ka ara ike, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ má ra èyí tí hydroquinone inú rẹ̀ ju ìdá 2 nínú 100 lọ.

Ẹ̀kẹta, a gbà pé ohun ìbílẹ̀ kò lè pa ni lára. Ọṣẹ dúdú le; bí a bá fi ń fọ ojú léraléra láìfi òrí tẹ̀ lé e, ojú á gbẹ. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi pa ojú kí a tó jáde sínú oòrùn lè jó ni bí iná.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fi ìpara àgbàlagbà pa ọmọ ọwọ́ lára. Àwọn ìyá ńlá wa fi osùn pa ìkókó lára, wọn kò bó o. Bí ojú bá ti ń ṣe yín bákan, ẹ lọ rí dókítà awọ ara kí ẹ tó padà sọ́jà.

Ogun ataare ti parí tipẹ́. Èyí tó wà nínú ike ṣì ń lọ lọ́wọ́, ara wa ló sì ń jà.